Àpáta Wà Níbẹ̀

Iyanrìn tí a mọ̀ ní Abobo Gare, ní Abidjan, iyanrìn ìkọ́lé ni. Ọkọ̀ akẹ́rù á dà á sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, àwọn ọmọdé á gùn ún títí ilẹ̀ á fi ṣú, bí òjò bá sì rọ̀ lóru, á wọ́ ìdajì rẹ̀ lọ sínú gọ́tà. Bẹ́ẹ̀, òkun kò jìnnà sí wa. Bí èèyàn bá wọ gbàkà, ọkọ̀ èrò kékeré, ní Abobo, tó gba ẹ̀gbẹ́ igbó Banco sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Adjamé, tó tún wọ ọkọ̀ mìíràn kọjá orí afárá ọ̀sà lọ sí Port-Bouët, etí òkun ló máa bọ́ sí. Ìrìn àárọ̀ kan ni. Ogójì ọdún ni ìyá mi fi ta abọ́ àti ìkòkò nínú ọjà Abobo, kò rin ìrìn àárọ̀ kan yìí rí.

Èmi tí wọ́n bí sí Abobo, mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kí n tó fojú kan òkun, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo sì gbà lọ. Ó nídìí tó fi kọ̀ ọ́ fún wa. Lọ́jọ́ kìíní ọdún kan, nígbà tí mo ṣì wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ aládùúgbò wa kan bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wẹ̀ ní Port-Bouët. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà wálé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Òun, ọjọ́ kẹta ni òkun tó gbé e jáde. Mo rántí igbe ìyá rẹ̀, mo sì rántí pé ìyá mi kó èmi àti àwọn àbúrò mi wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní ẹni tó bá dárúkọ òkun nínú ilé òun, òun kọ́ ló bí i.

Kò ṣì sọ. Òkun Port-Bouët kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ mélòó kan síwájú, ó ti jìn. Ìgbì tó ti ń yí bọ̀ láti àárín agbami kò rí ohunkóhun tó máa dá a dúró lọ́nà, ẹnu iyanrìn gan-an ló ti ń ya lulẹ̀, bó bá sì ń padà, á fa ẹsẹ̀ ẹni tó dúró mọ́ra. Àwọn ará ibí ń pè é ní la barre. Títí dé Grand-Bassam ló rí bẹ́ẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi kò ṣe lè dé etí ilẹ̀ láyé ìgbà kan, tó fi jẹ́ pé wọ́n ní láti kọ́ afárá onírin wọnú òkun kí wọ́n tó lè kó ẹrù àti èèyàn sọ̀ kalẹ̀, títí wọ́n fi gbẹ́ ọ̀nà omi Vridi ní 1950, tí ọkọ̀ ńlá fi ń wọ inú ọ̀sà.

Òkun kan ṣoṣo tí ìyá mi mọ̀ ni èyí tó máa ń rí lójú fèrèsé ọkọ̀. Ará Èjìgbò ni wá. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Èjìgbò sí Abidjan á gba Sèmè kọjá, á gba Kútọnu, á la Tógò àti Gánà já, kó tó gba Elubo bọ́ sí Noé. Ní Lomé, bodè fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú iyanrìn etí òkun. Ariwo omi àti ariwo àwọn tó ń ṣẹ́ owó ló jọ ń dún. Ìyá mi ti kọjá níbẹ̀ láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ẹrù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń fọwọ́ kan ìwé ìrìnnà nínú àpò lẹ́ẹ̀mẹwàá, tó tún di ọmọ mú, ojú wo ló máa fi wo omi?

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí agboolé kan ní Èjìgbò tí kò ní èèyàn ní Côte d'Ivoire, débi pé wọ́n ń sọ Faransé nínú ọjà ìlú náà bí ẹni ń sọ èdè ilé. Ànàgó ni àwọn ará ibí ń pè wá. A ti bímọ síbí, a ti sin òkú síbí, a gbọ́ Jùlá ju àwọn onílẹ̀ mìíràn lọ. Síbẹ̀, Èjìgbò là ń pè ní ilé. Abobo, “ibí” la kàn ń pè é. Ilé là ń kọ́ ilé sí, ilé là ń fi owó ránṣẹ́ sí, ilé là ń gbé aṣọ tó dára jù dè. Ibí, iṣẹ́ la bá wá. Ta ní í wọ aṣọ dáadáa lọ wo ẹwà ibi tó wá ṣiṣẹ́? Mo bọ̀wọ̀ fún ìwà yìí, nítorí òun ló tọ́ mi dàgbà, òun ló san owó iléèwé mi. Ṣùgbọ́n mo ti wá gbà gbọ́ pé a fi ń du ara wa, pé ilẹ̀ tó bọ́ èèyàn fún ogójì ọdún tó kí á wo ojú rẹ̀.

Ọmọ tuntun ló mú wa lọ. Àbúrò mi ọkùnrin ń tún fóònù ṣe ní Bardot, àdúgbò ńlá kan ní San-Pédro, ìyàwó rẹ̀ sì bímọ ní oṣù Kejìlá. Ìyá mi ní òun ò lè gbọ́ ìkómọ ọmọ-ọmọ òun lórí fóònù. A wọ ọkọ̀ ní Adjamé lówùúrọ̀ kùtùkùtù, a gba Dabou, láàárín igi rọ́bà àti ọ̀pẹ tí wọ́n gbìn ní ìlà-ní-ìlà títí ojú kò fi tó o mọ́. Ọ̀nà náà ti dára. Wọ́n tún un ṣe kí ìdíje bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà ọdún 2024 tó bẹ̀rẹ̀, nítorí San-Pédro wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ti gbá a.

Láti ààlà Gánà títí dé Fresco, etí òkun orílẹ̀-èdè yìí tẹ́ bí ẹní. Iyanrìn gbọọrọ níwájú, ọ̀sà lẹ́yìn, igi àgbọn láàárín. Assinie, Grand-Bassam, Jacqueville, Grand-Lahou: ará kan náà ni wọ́n. Iyanrìn nìkan ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, iyanrìn kò sì lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ omi. Obìnrin kan tó jókòó tì wá nínú ọkọ̀ jẹ́ ọmọ Lahou-Kpanda, ìyẹn Grand-Lahou àtijọ́, tó wà lórí iyanrìn tín-ín-rín láàárín òkun àti ọ̀sà, níbi tí odò Bandama ti ń ṣàn jáde. Láti 1973 ni wọ́n ti kó ìlú náà wọnú ilẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan kọ̀, wọ́n dúró ti iyanrìn wọn. Obìnrin náà sọ fún ìyá mi ní Jùlá pé òkun ti dé ibi ìsìnkú àwọn, pé ó ń hú òkú. Ìyá mi ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Yorùbá ló fi sọ ọ́ sí mi létí: “Àbẹ̀kẹ́, o rí i? Òkun tiwọn yìí ń jẹ alààyè, ó tún ń jẹ òkú.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ pin nìyẹn, pé kò ní gbà kí a dé ẹ̀gbẹ́ omi kankan.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Fresco, ilẹ̀ yí padà. Òkúta tó wà nísàlẹ̀ gbogbo ìwọ̀-oòrùn Côte d'Ivoire, òkúta àtètèkọ́ṣe tó le koko, ibẹ̀ ló ti dé etí omi. Ilẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀. Igbó ń dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àpáta dúdú ń yọrí nínú òkun bí ẹ̀yìn erinmi. Láti ibẹ̀ dé Tabou lẹ́bàá ààlà Làìbéríà, etí òkun kò gùn gbọọrọ mọ́. Ó wọlé, ó jáde, ó tún wọlé. Àpáta kan á nà síwájú, iyanrìn á wọ ẹ̀yìn rẹ̀ sá pamọ́. Àpáta mìíràn á tún nà. Àwọn Potogí tó kọ́kọ́ gba ojú omi kọjá fi orúkọ àwọn ẹni mímọ́ wọn sọ ọ́. Wọ́n ní Santo André ló di Sassandra.

Lẹ́yìn ìkómọ, àbúrò mi yá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní a máa lọ kí èèyàn kan. Irọ́ ni, kò sí ẹni tí a fẹ́ kí. Monogaga ló gbé wa lọ, abúlé kan lápá ìlà-oòrùn San-Pédro, níbi tí igbó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sínú omi. Iyanrìn ibẹ̀ funfun, igi ńláńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ariwo kankan àfi ti omi. Ìyá mi kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ti ojú fèrèsé wò ó, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Àbúrò mi kò bá a jiyàn. Lọ́jọ́ kejì ó tún gbé wa, ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, bíi 50 kìlómítà, ó dé Grand-Béréby.

Mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Apá òkúta méjì nà wọnú òkun, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Níta lọ́hùn-ún, ìgbì ń bọ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára tó fi ń pa ọmọ ọlọ́mọ ní Port-Bouët. Ó kọ́kọ́ bá àpáta, ó fọ́ mọ́ ọn gbàá, ó di funfun. Èyí tó yọ́ kọjá láàárín méjèèjì á wá rí àyè, á fẹ̀, á tẹ́, bí ẹni tó wọ ilé ńlá tó sì rẹ ohùn sílẹ̀. Kó tó dé iyanrìn, kò ju kí ó máa lá ẹsẹ̀ èèyàn lọ. Àwọn ọmọdé ń wẹ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ apẹja kan ń mì jẹ́jẹ́, bí aró ni omi náà rí lọ́nà jíjìn, nítòsí ó mọ́ tó fi jẹ́ pé mo rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi.

Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró, ó fi ojú tẹ̀ lé etí omi láti òkúta kan títí dé èkejì. Obìnrin tó ti ta abọ́ fún ogójì ọdún, tó lè fi ìka kan gbá abọ́ kó sì sọ fún ọ bóyá ó sán, ó ní, “Abọ́ ni.” Ó bọ́ bàtà, ó ká ìró sókè dé orúnkún, ó di ejìká mi mú, a sì jọ wọ omi. Nígbà tí ìgbì kékeré kan kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó pariwo orúkọ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín. Mo ti gbọ́ ẹ̀rín ìyá mi lọ́jà, níbi ìyàwó, níbi ìkómọ. Irú èyí, mi ò gbọ́ ọ rí. Ẹ̀rín ọmọdé ni.

Àwọn onílẹ̀ agbègbè Grand-Béréby àti Tabou ni wọ́n ń pè ní Kroumen. Bàbá kan tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe lábẹ́ igi àgbọn bi wá pé níbo la ti wá. Mo ní Abobo. Àbúrò mi fi kún un pé Ànàgó ni wá, láti Nàìjíríà. Bàbá náà ní àwọn baba ńlá òun mọ Èkó. Òótọ́ ló sọ, nítorí ní gbogbo ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọkọ̀ òyìnbó máa ń dúró ní etí òkun yìí láti gba àwọn ọkùnrin tó mọ omi síṣẹ́. Wọ́n á gbé wọn dé Èkó, dé Calabar, dé Fernando Pó, wọ́n á kó epo, wọ́n á wa ọkọ̀ la ìgbì já, lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì wọ́n á dá wọn padà sílé. Mo tú ọ̀rọ̀ náà fún ìyá mi. Ó kí bàbá náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní, “Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ lọ jẹun lọ́dọ̀ wa.”

Ilẹ̀ ṣú bá wa, a sùn níbẹ̀. Mi ò lè sùn; mò ń gbọ́ ìgbì lára òkúta. Iyanrìn ni mò ń rò. Ní gbogbo etíkun yìí, ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni omi ń ti iyanrìn lọ. Ìgbì ń bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ó ń gbé e díẹ̀, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún ń gbé e, láìsinmi. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohunkóhun tí èèyàn bá gbé dí i lọ́nà, ìlà-oòrùn rẹ̀ ló ń jìyà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ékòó nìyẹn. Láàárín 1908 sí 1912, ìjọba òyìnbó to òkúta wọnú òkun lẹ́nu èbúté kí ọkọ̀ lè ráyè wọlé. Iyanrìn kó jọ lápá ìwọ̀-oòrùn, omi inú ẹnu èbúté rọ̀, Tarkwa Bay sì di ibi tí ọmọ Èkó ti ń wẹ̀ títí dòní. Lápá kejì, Bar Beach kò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun jẹ ẹ́, ó ń jẹ ẹ́, títí wọ́n fi kó iyanrìn àti òkúta dà síbẹ̀ láti tún ilẹ̀ ṣe. Abọ́ tí wọ́n fi owó àti agbára kọ́ l'Ékòó, tí ẹlòmíràn sì san gbèsè rẹ̀, àpáta ti kọ́ ọ sí Grand-Béréby kí èèyàn tó débẹ̀.

Iyanrìn ń lọ sí apá ibi tí a ti wá. Àwa ń rìn lòdì sí i, láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, pẹ̀lú ẹrù lórí, ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin báyìí.

Kí oòrùn tó là, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ìjàpá òkun mú wa lọ wo ojú ẹsẹ̀ kan. Láti 2020 ni ìjọba ti ya òkun Grand-Béréby sọ́tọ̀ fún ààbò, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Côte d'Ivoire, nítorí ìjàpá òkun ń wá yé ẹyin síbẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ojú ẹsẹ̀ náà dà bí ibi tí wọ́n ti wọ́ ẹrù wúwo jáde nínú omi, tí wọ́n sì tún wọ́ ọ padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní èyí tó tóbi jù nínú wọn lè wúwo tó 500 kílò. Ó ní á gòkè lóru, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ ihò, á yé ẹyin sínú rẹ̀, á bò ó, á padà sínú òkun, kò sì ní rí àwọn ọmọ náà láéláé. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, wọ́n á fúnra wọn hú jáde, wọ́n á sáré lọ sínú omi. Wọ́n á rin òkun já, ọdún á gorí ọdún, bí abo wọn bá sì dàgbà, agbègbè iyanrìn tó ti jáde nínú ẹyin ló máa padà wá láti yé tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ àwọn ará abúlé pé kí wọ́n má pa ìyá, kí wọ́n má wú ẹyin.

Ìyá mi ní kí n tú gbogbo rẹ̀, mo tú u. Ó ní, “Ilé ló ń bọ̀.”

Mo ní, “Màámi, èwo gan-an nilé rẹ̀? Ṣé inú òkun tó ń gbé ni, àbí iyanrìn yìí?”

Kò tètè dáhùn. Ó tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ pẹ́lẹ́ kan etí ojú ẹsẹ̀ náà bí ẹni tó ń kan aṣọ ọlọ́wọ̀. “Ibi tó bá yé sí ni.” Ó nà ró. Ó wò mí. “Abobo ni mo bí gbogbo yín sí.”

A kò tún sọ ọ́ mọ́. Nígbà tí a ń padà lọ sí Abidjan, a yà ní Sassandra, ìlú àtijọ́ lórí òkè lẹ́nu odò, tí iṣẹ́ èbúté rẹ̀ kú nígbà tí wọ́n kọ́ ti San-Pédro ní nǹkan bí 1970. Ìyá mi ra ẹja gbígbẹ lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fanti, ó ná an dáadáa, ó sì dúró wo àwọn ọkọ̀ wọn aláràbarà fúngbà díẹ̀ láìsí ẹni tó rọ̀ ọ́. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn.

Ní Abobo, wọ́n ń kọ́ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tuntun, bíi 37 kìlómítà, láti Anyama gba ọ̀dọ̀ wa kọjá dé pápákọ̀ òfuurufú ní Port-Bouët. Ìlà ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ní 1904 ló fún àdúgbò wa lórúkọ Gare. Àríwá ló kọjú sí, ibi tí kòkó àti èèyàn ti ń bọ̀. Èyí tí wọ́n ń kọ́ báyìí máa kọjú sí òkun pẹ̀lú. Àwọn ọmọ mi máa wọ̀ ọ́. Màá sọ fún wọn ohun tí òkun Port-Bouët jẹ́, màá sì mú wọn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, síbi tí a ti lè wọ̀ ọ́.

Ìyá mi kò lọ sọ́jà mọ́ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ń dá àjọ, kò sí ohun tó lè dá a dúró. Ọ̀sẹ̀ kejì tí a dé, mo lọ mú un wálé, mo bá a níbi tó ti ń fi ọwọ́ méjèèjì ya abọ́ sínú afẹ́fẹ́, àwọn obìnrin yí i ká: ará Èjìgbò, ará Ògbómọ̀ṣọ́, Jùlá méjì. Wọ́n ń bi í léèlò ni owó ọkọ̀. Wọ́n ń bi í bóyá a lè fi díẹ̀ lé owó àjọ lóṣooṣù títí dé oṣù Kejìlá. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, tó ń ta gààrì láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, tí òun náà mọ ìyá ọmọ tí òkun gbé lọ́jọ́ ọdún, kò tíì sọ̀rọ̀. Ó wá fà mọ́ ìyá mi.

“Ìyá alábọ́, ṣé omi ibẹ̀ ò ní gbé mi?”

“Àpáta wà níbẹ̀,” ni ìyá mi wí.